Ìdí tí agbo aáyán yín kò fi tíì pọ̀: ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà lápá àríwá England. Láti bí oṣù méjì báyìí, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ra agbo dubia, irú aáyán tí à ń sìn fún alángbá láti jẹ, ń bi wá: "Ẹ ní wọ́n á máa bí sí i, kí ló dé tí tiwa ń dínkù?" Ẹ̀bi wa wà níbẹ̀. Ìwé pélébé tí à ń fi sínú páálí kò ṣàlàyé tó, ẹ sì dákun, ẹ má bínú.

Abo dubia kì í yé ẹyin sílẹ̀ kó sì máa lọ. Inú ara rẹ̀ ló ń gbé àpò ẹyin sí títí àwọn ọmọ yóò fi jáde, èyí sì ń gbà tó oṣù méjì. Ó lè bí ogún sí ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ àwọn ọmọ náà á lo oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó dàgbà débi tí àwọn náà á bímọ. Ẹ wá wò ó: ẹ ra akọ márùn-ún àti abo ogún lónìí, lọ́la ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mú nínú wọn fún alángbá onírùngbọ̀n tí ọmọ yín ń sìn. Irúgbìn lẹ̀ ń sè jẹ yẹn. Àwọn àgbà ní aáyán fẹ́ jó, adìẹ ni kò jẹ́. Nínú ilé tiyín, alángbá ni kò jẹ́.

Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ kan agbo yẹn fún oṣù mẹ́fà. Ẹ ra èyí tí alángbá yóò jẹ lọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé owó méjì nìyẹn, ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni tó bá ra agbo láti oṣù yìí lọ yóò fi máa rí àwọn kéékèèké rà lọ́wọ́ wa ní ìdajì owó títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé.

Ìkejì ni ooru. Nínú yàrá tó wà ní ìwọ̀n 18 tàbí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọn kò ní kú, ṣùgbọ́n wọn kò ní bí. Ìwọ̀n 28 sí 32 ni wọ́n fẹ́. Lọ́dún tó kọjá, a rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta, owó iná inú mítà wa sì tán lẹ́yìn wa. Nígbà tí mo ṣí ike tí à ń sìn wọ́n sí, àpò ẹyin tó pọ́n bí ìyeyè, tó gùn tó oríkèé ìka kan, ló wà kàtàkàtà lórí páálí ẹyin adìẹ tí àwọn aáyán ń gbé lé. Àwọn abo ti jù wọ́n nù. Oṣù mẹ́ta ni agbo yẹn fi rán ọgbẹ́ rẹ̀. Ẹ lẹ ẹní amúgbóná mọ́ ẹ̀gbẹ́ ike, ẹ má sì lò ó láìsí thermostat, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ooru kọjá ìwọ̀n.

Ní ti oúnjẹ, kárọ́ọ̀tì, ọsàn àti ọkà lílọ̀ ti tó. Ẹ má gbé abọ́ omi síbẹ̀, àwọn ọmọ á rì sínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó funfun báláú, kò ṣàìsàn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò ti padà sí àwọ̀ rẹ̀.

Sí ẹ̀yin ìyá tí ẹ̀rù ń bà: ìyá tèmi náà kọ̀, kò wọ ilé wa fún oṣù kan. Gúúsù Amẹ́ríkà ni dubia ti wá. Kò lè gun ike tó ń dán, bí ọ̀kan bá sì bọ́ sílẹ̀ nínú ilé tó tutù, kò lè di púpọ̀ níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni ìgbẹ́ wọn tó gbẹ. Eruku rẹ̀ máa ń yọ àwọn kan lẹ́nu, nítorí náà ẹ bo imú bí ẹ bá ń tún ike ṣe. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée kó má ṣe é rárá.

Ẹni tí abo rẹ̀ kò bá tó mẹ́wàá mọ́, kó ya fọ́tò inú ike náà ránṣẹ́ sí wa. A ó fi abo márùn-ún kún un, a kò ní gba kọ́bọ̀.