Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ìlú: Owó Omi Ṣáájú Owó Ẹja

Ẹ̀yin ọmọ Ọwá, ọmọ Ẹkùn, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Iléṣà àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, ẹ̀yin ará Èkó, Ìbàdàn, Àbújá àti òkè òkun, ẹgbẹ́ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ọ̀rọ̀ dáàmù kékeré tí àwọn àgbẹ̀ wa fi ń bomi rin oko ló tún gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín.

Níbi ìpàdé tó kọjá, ẹja lẹnu gbogbo èèyàn ń sọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ ká ra ọmọ ẹja kíákíá, ká dà á sínú omi ní ìparí ọdún tí gbogbo ọmọ ìlú bá wálé, kí fọ́tò lè pọ̀. Àbá náà dùn létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó lé e, ohun tí a fẹnu kò sí ni pé owó àkọ́kọ́ tó bá wọlé, a kò ní í fi kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ ra ẹja. Omi la ó fi tún ṣe.

Ẹni tó bá dúró sórí ògiri dáàmù wa ní oṣù Kejì kò ní í béèrè ìdí rẹ̀. Etí omi á ti sún jìnnà síbi tó wà ní oṣù Kẹwàá, ẹrẹ̀ tó fi sílẹ̀ á ti gbẹ, á ti là. Àwọn àgbẹ̀ á ti so rọ́bà mọ́ rọ́bà kí pọ́ǹpù wọn tó débi omi, ẹrẹ̀ á sì pọ̀ nínú ohun tí pọ́ǹpù náà ń fà. Bí ẹ bá tètè débẹ̀ kí oòrùn tó yọ, ẹ ó rí ẹja tí ń yọ ẹnu sójú omi. Kì í ṣe oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Ewé inú omi, èérí tó ń jẹrà nísàlẹ̀ àti ẹja fúnra wọn ti jọ lo afẹ́fẹ́ inú omi láti alẹ́ mọ́jú, kò sì sí oòrùn tí ewé yóò fi pèsè òmíràn. Ìdájí ló máa ń kéré jù. Omi tó pọ̀ lè fara da irú òru bẹ́ẹ̀, èyí tó ti fà kò lè fara dà á.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí omi bá dín kù díẹ̀, díẹ̀ náà ni a pàdánù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí igbá ni ilẹ̀ abẹ́ omi yìí rí. Bí omi inú igbá bá fà títí tó fi ku ìdajì jíjìn rẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Kódà adágún Kainji, tí wọ́n parí dáàmù rẹ̀ ní 1968, omi rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 10 láàárín ọdún. Ṣùgbọ́n ìyẹn fẹ̀, ó sì jìn, ẹja rí ibi sá sí. Bí mítà 2 bá lọ nínú tiwa, ibo ni wọn yóò sá sí?

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹja náà wàyí. Akọ epìyà máa ń gbẹ́ ìtẹ́ sí etí omi níbi tí kò jìn, abo á yé sí i, á sì kó ẹyin náà sẹ́nu títí wọn yóò fi di ọmọ. Bí pọ́ǹpù bá fa omi lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìtẹ́ á di ilẹ̀ gbígbẹ, koríko tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń sá pamọ́ sí náà á bọ́ síta. Ti àrọ̀ yàtọ̀. Ìgbà tí òjò bá mú kí omi kún bo koríko etí odò ló ń wá ibi tí yóò yé sí. Àrọ̀ sì le, ó ń mí afẹ́fẹ́ òde, ẹrẹ̀ kì í tètè pa á. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ní ká da àrọ̀ nìkan sínú rẹ̀. A kò gbà. Bí a bá sì ní epìyà nìkan ni, oṣù mélòó kan péré ni wọn yóò ti máa yé. Bí kò bá sí ohun tí ń dín wọn kù, wọn á kún inú omi fọ́fọ́, wọn ò sì ní í tóbi. Àwọn ìyá wa tí ń ta ẹja ní ọjà Àtàkúmọ̀sà kò ní í bojú wo irú ẹja olórí ńlá bẹ́ẹ̀. Epìyà la ó kọ́kọ́ kó sí i, kí àrọ̀ díẹ̀ tẹ̀ lé e, kó máa bá wa jẹ àwọn ọmọ epìyà tó bá pọ̀ jù.

Omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la ó sì fi ka iye tí a ó rà. Bí omi bá tẹ́jú tó hẹ́kítà 4 ní oṣù Kẹwàá, tó wá ṣẹ́ kù sí hẹ́kítà 1 ní oṣù Kẹta, ẹja tí a kà fún hẹ́kítà 4 yóò máa du hẹ́kítà 1 mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, òpó onírin tí a kọ mítà sí lára ni a ó kọ́kọ́ rì mọ́ inú omi. Ẹnì kan yóò máa kà á ní gbogbo ọjọ́ Ajé, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. A ó fa ìlà pupa kan sí i: bí omi bá dé ibẹ̀, kí gbogbo pọ́ǹpù dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ìlà pupa yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìpàdé ká, torí ẹni tí tòmátì rẹ̀ ń rọ lójú rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹja, a kò sì lè bá a wí. Ibi tí a fi í tì sí ni pé àwọn àgbẹ̀ yóò máa gba omi ní ìpín-ìpín láti oṣù Kejìlá, ní àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn ọ̀sán má baà jẹ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọ̀n onírin níbi tí àkúnya omi ń gbà jáde. Ọmọ ìlú wa kan ti fi owó ara rẹ̀ da ẹja sínú omi yìí rí. Nígbà tí òjò oṣù Kẹsàn-án dé, àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ odò ló rí ẹja pa. Ṣùgbọ́n àwọ̀n tún ní ewu tirẹ̀: bí ewé bá dí i, omi á gba orí ògiri kọjá, ògiri oníyẹ̀pẹ̀ kò sì lè gba ìyẹn. A ó san owó fún ẹni tí yóò máa kó ewé kúrò níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò.

Oṣù Karùn-ún tàbí Ìkẹfà, tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ni a ó wá kó ọmọ ẹja wọ inú omi, àwọn tó ti gùn tó ìka, kí ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́ má baà fi gbogbo wọn jẹun. Láti oṣù Kejìlá tí omi bá ti ń fà, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, fọ́tò yín ṣì wà níbẹ̀, ẹja tó tó jẹ ni ẹ ó sì gbé lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá da gamalin tàbí oògùn kòkó mìíràn sínú omi láti fi pẹja, ọlọ́pàá ni a ó fà á lé lọ́wọ́, ọmọ ẹni yòówù kó jẹ́.

Ti àwọn tí ń wa góòlù lókè odò, tí ẹrẹ̀ wọn ń ṣàn wọlé tó ń dín jíjìn dáàmù kù, ó ju agbára àpò wa lọ. Àwọn baálẹ̀ ti ń bá ìjọba sọ ọ́.

Ará ilé yóò san ₦5,000, ẹ̀yin ará Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá ₦20,000, ẹ̀yin ará òkè òkun ₦50,000, ẹni tí Ọlọ́run bá sì bùn ní púpọ̀ kó má wo ẹnìkejì rẹ̀. A kò bu owó lé àwọn opó àti akẹ́kọ̀ọ́. Ìparí oṣù Kẹta ni gbèdéke. Òṣómàáló ni àwọn baba wa, akápò wa náà mọ̀ ọ́n lóṣòó dáadáa, ẹ má jẹ́ kó dé ẹnu ọ̀nà yín. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti gba nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́. Ẹ má ṣe fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ẹni tí kò bá rówó san, ọ̀wẹ̀ wà ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹrin. Igi ti ń hù lórí ògiri dáàmù, gbòǹgbò wọn sì lè la ọ̀nà fún omi. Aago méje àárọ̀ ni, ẹ mú àdá àti ọkọ́ dání. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ yóò se oúnjẹ.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, lórúkọ ìgbìmọ̀