Ẹ Gba Kọ́bọ̀ Oníhò Lọ́wọ́ Àwọn Oní-irin-àlòkù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé kóló ìyá mi àgbà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù kiri àdúgbò. Kí n tó ti ọjà Akẹ̀sán dé, wọ́n ti da onínì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́ àti sísì, owó ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pọ̀ mọ́ páànù tó ti dípẹtà, wọ́n sì ti gbé e kọ́ ìwọ̀n. Owó ìyá mi di irin! Mo sáré tẹ̀lé wọn, kọ́bọ̀ kan péré ni mo rí gbà padà.

Ó wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Okùn tí ìyá àgbà fi sín in ṣì wà nínú ihò rẹ̀. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà yí ihò náà ká, ọdún 1936 wà lára rẹ̀, orúkọ Ọba Edward Kẹjọ sì wà lójú kejì. Ọba yìí kò lò tó ọdún kan tó fi gbé oyè sílẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tó ní orúkọ rẹ̀ kò dé ọwọ́ ará ìlú, àmọ́ ó dé ọwọ́ obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ l'Ọ́yọ̀ọ́. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ yọ́ yẹn o!

Ẹ wo Calouste Gulbenkian, ọmọ Àméníà tí wọ́n bí sí Istanbul lọ́dún 1869. Ìpín márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó ní nínú ilé-iṣẹ́ tó ń wa epo ní Ìráàkì sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀ ńlá. Wọ́n ní láti kékeré ló ti ń fi owó tí bàbá rẹ̀ bá fún un ra owó àtijọ́ lọ́jà. Ó kú ní 1955. Owó Gíríìkì àtijọ́ tó kó jọ wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Lisbon, tí wọ́n ṣí ní 1969. Bẹ́ẹ̀ Gíríìkì kì í ṣe ìran rẹ̀. Olówó epo pọ̀ nílẹ̀ wa. Mélòó nínú wọn ló ti ṣa owó ìran tirẹ̀ jọ?

Àwọn tó wà nípò ńkọ́? Wọ́n á sọ̀rọ̀ àṣà lórí rédíò, wọ́n á dá aṣọ ẹgbẹ́jọdá, wọ́n á náwó àríyá. Owó àwọn ìyá wa ń di irin lójú wọn.

Yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n á máa pàtẹ owó àtijọ́ sí ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, nítòsí Akẹ̀sán, kí ẹni tó wá nájà lè yà síbẹ̀. Kí wọ́n sín owó ẹyọ ní ogójì-ogójì bíi tàtijọ́, kí ọmọ iléèwé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà á títí àádọ́ta okùn yóò fi di ẹgbàá, tí ẹgbàá mẹ́wàá yóò fi di ọ̀kẹ́ kan. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wọn ní ìṣirò Yorùbá lójú pátákó, kò wọ̀ wọ́n létí. Kí owó oníhò tẹ̀lé ẹyọ, kí náírà àti kọ́bọ̀ ti 1973 kẹ́yìn. Ẹni tó bá mú owó wá, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ni kóló sábẹ́ rẹ̀. Àpótí onígíláàsì, àgádágodo àti olùṣọ́ kan ti tó.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ sì ka rírà owó àtijọ́ léèwọ̀ fún àwọn oní-irin-àlòkù. Kí rédíò máa kéde rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, èmi ni n ó kọ́kọ́ débẹ̀ pẹ̀lú kọ́bọ̀ mi. Orúkọ tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni Ìyá Ẹlẹ́kọ, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́.