Lẹ́tà sí obìnrin tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀-ilé

Ẹ̀yin ìyá tí mi ò mọ orúkọ yín,

Ẹ má bínú pé mò ń kọ̀wé sí yín nígbà tí a ò mọra rí. Inú ìwé àlòkù kan tí mo rà ni fọ́tò yín ti jábọ́. Bóyá ẹnì kan fi sàmì sí ojú ewé tó kà dé ni, tí kò sì padà sídìí ìwé náà mọ́. Nínú fọ́tò yẹn, ẹ ò jọ ẹni tó ti pé ogójì ọdún, èmi sì ti kọjá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wà láyé lónìí, àgbà ni yín sí mi dáadáa, bí àgbà ni màá sì ṣe bá yín sọ̀rọ̀.

Wọ́n tẹ AUG 71 sí etí funfun fọ́tò náà. Àwọn tó ń fọ fọ́tò ló máa ń tẹ irú àmì bẹ́ẹ̀, oṣù tí wọ́n fọ̀ ọ́ ló sì ń sọ, kì í ṣe oṣù tí wọ́n yà á. Ó lè jẹ́ oṣù kẹjọ ọdún 1971 gan-an ni ẹ wà lójú ọ̀nà, ó sì lè jẹ́ pé fíìmù náà ti pẹ́ díẹ̀ nínú kámẹ́rà kí ẹnì kan tó rántí gbé e lọ. Ojú ọ̀run inú rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú. Bí ọ̀pọ̀ fọ́tò aláwọ̀ ìgbà yẹn ṣe máa ń dà nìyẹn tó bá pẹ́ nínú òkùnkùn: aró tó ń gbé àwọ̀ búlúù yọ ló máa ń kọ́kọ́ ṣá, pupa á wá gba gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́tà W ńlá tí wọ́n kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà ṣì hàn ketekete. Winnebago ni, irú ọkọ̀-ilé kan: ọkọ̀ ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìgbẹ́ nínú, tí ìdílé lè máa gbé inú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìnrìn àjò.

Gbogbo ẹni tí mo fi fọ́tò yìí hàn, ọkọ̀ ni wọ́n ń wò. Mi ò lè bá wọn wí, torí ọkọ̀ náà tó wò: òrùlé rẹ̀ yọ síwájú, ó ṣíji bo gíláàsì awakọ̀ bíi fìlà tí wọ́n fà bojú. Ìlú Forest City ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìlú àgbẹ̀ ni. Nígbà tí iṣẹ́ oko ò mówó wọlé tó mọ́, àwọn oníṣòwò ibẹ̀, tí John K. Hanson wà lára wọn, lọ fa ilé iṣẹ́ kan wá ní 1958, tó ń ṣe irú ilé tí mọ́tò máa ń fà lẹ́yìn. Ní 1966 ni wọ́n gbé ọkọ̀-ilé tiwọn jáde, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti àwọn tó wà lọ́jà ṣáájú, bí àwọn ìdílé tí kì í ṣe olówó ńlá ṣe ráyè rà á nìyẹn. Ọkọ yín jókòó sídìí ọkọ̀, ó na ìgunpá síta fèrèsé. Inú rẹ̀ dùn sí ohun tó rà, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ní tèmi, ẹ̀yin ni mò ń wò. Ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn ẹnu ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, aṣọ ìnuwo wà léjìká yín. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde tán. Ọ̀kan rọ̀ mọ́ àkàbà ẹ̀yìn ọkọ̀, èyí tó kéré jù fọwọ́ kọ́ ajá lọ́rùn. Ó hàn pé ṣe ni wọ́n pè yín síta wá ya fọ́tò, ẹ sì ń padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé: ṣé ẹ̀yin náà sinmi?

Mo bi yín torí mo mọ bí inú ọkọ̀ yẹn ṣe rí. Àwọn tó ń polówó irú rẹ̀ máa ń sọ pé èèyàn lè gbé gbogbo ilé rẹ̀ dání. Òótọ́ ni, tòun tiṣẹ́ ilé. Tábìlì tí ẹ fi jẹun alẹ́, òun náà ni bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ó palẹ̀ abọ́ mọ́, ẹ ó nù ún, ẹ ó rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sáàárín àga méjèèjì, ẹ ó to tìmùtìmù lé e, ẹ ó tẹ́ aṣọ sí i, kí ọmọ tó rí ibi sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ ó tún tú gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó rí ibi jẹun. Fíríìjì ibẹ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Iná gáàsì kékeré kan ló ń mú un tutù: á máa mú omi àti kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ àmónìà gbóná nínú àwọn ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, ohun tó bá sì di olómi níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣàn padà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá gúnlẹ̀ síbi tó dagẹ̀rẹ̀, ìṣàn yẹn á dáwọ́ dúró, mílíìkì á sì bàjẹ́. Ta sì ni wọ́n máa bi léèrè mílíìkì? Omi mímọ́ inú táǹkì níwọ̀n. Ẹni tó ń fọ abọ́ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti fẹ́ tán, kì í ṣe ẹni tó ń wakọ̀. Ní ti ẹ̀gbin ilé ìgbẹ́, táǹkì tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹnì kan ló sì máa fi họ́òsì tú u dà níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Mo gbà pé iṣẹ́ ọkọ yín nìyẹn. Mo lérò bẹ́ẹ̀ o.

Ẹnì kan fi gègé kọ̀wé sẹ́yìn fọ́tò náà. Orúkọ àwọn ọmọ mẹ́ta, orúkọ ajá, kódà orúkọ tí ẹ sọ ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. “Bàbá” ni wọ́n pe ọkọ yín. Orúkọ tiyín ò sí. Inú kọ́kọ́ bí mi, kí n tó ronú pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ta ló tún máa pè é bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ìyá tó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀?

Mo sì lè máa dá yín lẹ́jọ́ tí kì í ṣe tiyín. Bóyá ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n rà á. Ilé tó kéré tó yẹn, kíá lèèyàn á gbá a tán. Kò sí tẹlifóònù tó máa dún, àlejò ò ní kànlẹ̀kùn lójijì. Tí iṣẹ́ ilé bá máa wà níbi gbogbo, ó sàn kéèyàn máa rí òkè tuntun lójú fèrèsé bó ṣe ń ṣe é.

Ẹ ò tíì mọ ohun tó ń bọ̀. Ní oṣù kẹwàá 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń wa epo dáwọ́ títa epo fún Amẹ́ríkà dúró, ìlà ilé epo gùn, owó epo fò sókè. Gálọ́ọ̀nù kan kì í gbé irú ọkọ̀ yín jìnnà ju nǹkan bíi máìlì mẹ́wàá lọ. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró. Ní báyìí, àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà ló ń wá wọn kiri, tí wọ́n ń yọ igi tí omi òrùlé ti jẹ rà, tí wọ́n sì ń tún W náà kùn. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n gbé sítóòfù kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe tábìlì kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin ló wá sí mi lọ́kàn, mo sì rẹ́rìn-ín.

Mo ṣì fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n jẹ́ kí ẹ wà á rí, àti ẹni tó wà nídìí sítóòfù lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ló rí lẹ́tà yìí, kó bá mi dáhùn. Fọ́tò náà wà lọ́wọ́ mi, mo sì ṣe tán láti dá a padà. Kó ṣáà ti sọ orúkọ ajá yẹn, màá mọ̀ pé òun ni.

Èmi ni,
Ẹni tó ra ìwé náà