Lórí owó abẹ́rẹ́ orúnkún Màmá

Bọ̀dá Múyì,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbọ́ gbogbo ohùn tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ náà ló fẹ́ àlàyé, kì í ṣe pé mo gbójú kúrò. Owó abẹ́rẹ́ exosome tẹ́ ẹ ní kí n san fún orúnkún Màmá yẹn, mi ò ní fi ránṣẹ́.

Ẹ ní ohun tí mo wá kọ́ ní Swídìn ni wọ́n ń tà ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́, báyìí, pé kí ló dé tí mò ń ṣahun sí ìyá mi. Bọ̀dá mi, exosome tí wọ́n ń pariwo yìí, àpò tíntìntín ni, sẹ́ẹ̀lì inú ara wa ló ń dì í bí ẹni di àrokò. Á kó purotéènì, ọ̀rá àti RNA tó ń gbé àṣẹ kiri nínú sẹ́ẹ̀lì sínú ẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì mìíràn, èyí tó bá gbà á lè yí ìṣe padà. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, nínú ìtọ̀, nínú omi ọmú. Nígbà tí wọ́n rí i lára ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ní 1983, ọ̀pọ̀ ló kà á sí ìdọ̀tí tí sẹ́ẹ̀lì ń dà nù. Ní 2007, ní Gothenburg tí mo wà yìí, wọ́n fún sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ní exosome eku. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe purotéènì eku! Jẹjẹrẹ náà ń di tiẹ̀ ránṣẹ́, ó fi ń tún ibi tó fẹ́ tàn dé ṣe sílẹ̀. Àrokò ta wá ni wọ́n fẹ́ gún sí Màmá lórúnkún?

Mo wo fọ́tò ìgò abẹ́rẹ́ náà dáadáa. Kò sí nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀. Orí tábìlì ló wà, oòrùn ń pa á. Tiwa níbí, fíríìsà tó tutù dé ìwọ̀n -80 là ń kó o sí. Ní 2019, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àwọn ò tíì fọwọ́ sí ọjà exosome kankan.

Ta ló mú bàbá tó ń ta abẹ́rẹ́ yẹn wá sílé? Ṣé Màmá ló ní àwọn fẹ́ gba abẹ́rẹ́ náà, àbí ẹ̀yin? Mi ò bá yín jà o. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé wọn dìde láràárọ̀, èmi kọ́.

Owó tí mo fi ránṣẹ́ lónìí, ẹ fi gbé wọn lọ sí ọsibítù LAUTECH, kí dókítà eegun yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí mi lórí ìwé, ohùn ò tó. Ṣé wọ́n ṣì ń jókòó sórí àpótí kékeré yẹn rokà? Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ ra àga gíga.

Àbúrò yín,
Bísí