Òòfà nìkan kọ́ ló ń bí ìràwọ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ gbé jáde nípa bí ìràwọ̀ ṣe ń di ìràwọ̀, ó dùn-ún kà, fọ́tò Orion, ibi tí ìkúùkù gáàsì ti ń bí ìràwọ̀ lójú ọ̀run, tẹ́ ẹ fi sí i náà rẹwà, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ibi tẹ́ ẹ ti ní òòfà (gravity, kì í ṣe mágnẹ́ẹ̀tì) á kàn fa ìkúùkù gáàsì jọ, ó di ìràwọ̀, ó parí, ìyẹn ò tó rárá. Ẹ fo rúkèrúdò inú ìkúùkù yẹn, ìyẹn bí gáàsì ibẹ̀ ṣe ń rú, tó ń sá síhìn-ín sọ́hùn-ún, ibẹ̀ gan-an sì lọ̀rọ̀ wà.

Tó bá jẹ́ òòfà nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ìràwọ̀ tuntun tí Milky Way, agbo ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà nínú ẹ̀, á máa bí lọ́dún kan, tá a bá kó wọn jọ, á tó oòrùn 100 dáadáa, kódà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ń rí ò ju bí oòrùn 2 lọ. Ta ló dá ìyókù dúró? Agbára mágnẹ́ẹ̀tì ń ṣe tiẹ̀ o, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n rúkèrúdò yìí náà ń ṣe gudugudu.

Lẹ́bàá Orion yẹn, níbi tó ṣókùnkùn, òtútù lè tó -260 Celsius, nínú òtútù bẹ́ẹ̀ ìró fúnra ẹ̀ ò lè sáré ju bíi mítà 200 lọ ní sẹ́kọ́ńdù kan, gáàsì wá ń sá káàkiri ní kìlómítà 1, 2 ní sẹ́kọ́ńdù kan náà, nígbà míì ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Carbon monoxide ni, gáàsì jẹnẹrétọ̀ tó ń pa èèyàn mọ́ inú yàrá yẹn, òun náà wà níbẹ̀, 1970 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Wilson, Jefferts àti Penzias, kọ́kọ́ rí i ní Orion. Bó bá ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa tàbí tó ń lọ, ìgbì rédíò ẹ̀ á yí díẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ eré tó ń sá. Ní 1981 onímọ̀ ìràwọ̀ Richard Larson wá rí i pé bí ìkúùkù bá ṣe tóbi tó ni eré inú ẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Rúkèrúdò tó ń dènà yìí náà ló tún ń ranni lọ́wọ́ ṣá. Tí gáàsì méjì bá fi irú eré yẹn kọlu ara wọn, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé á ki, á fún pọ̀ di fọ́nrán gbọọrọ gbọọrọ, irú èyí tí Herschel, awò ìworàwọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sójú ọ̀run ní 2009 yà fọ́tò ẹ̀ rẹpẹtẹ, inú àwọn fọ́nrán yẹn ni òòfà ti wá ń rí ọwọ́ mú.

Tí nǹkan kan ò bá sì máa rú u, kì í pẹ́ tó fi ń tòrò. Ohun tó ń rú u ni wọ́n ṣì ń jà lé lórí: àwọn kan ní ìràwọ̀ ńlá tó bú gbàmù nítòsí ni, àwọn kan ní gáàsì tí àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ń tú jáde ni, àwọn míì ní gáàsì tó ń ya wọlé láti ìta ni. Ẹ bá wa gbé ìjà yẹn sí apá kejì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gùn díẹ̀.

Òǹkàwé yín, Ìbàdàn