Bí ìkànnì bá fi èsì ẹlòmíì hàn yín

Sí Olóòtú,

Ẹ bá wa kéde èyí fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìkànnì fún ilé ìwé àti ìsọ̀ n'Ífẹ̀ níbí. Bí ẹni méjì bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tí Àjàní wá ń rí èsì Àdùkẹ́, ẹ má dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́bi. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fi nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ sínú global variable, ìyẹn àpótí kan ṣoṣo tí gbogbo ètò náà jọ ń lò. Kí database tó dá Àjàní lóhùn, nọ́ńbà Àdùkẹ́ ti bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ máa fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ láti function dé function gẹ́gẹ́ bíi parameter, ìyẹn ohun tí a fi lé function lọ́wọ́ nígbà tí a bá pè é. Lójú tiwa, òun ló dára jù. Bí ọ̀nà bá jìn, Python ní contextvars láti 3.7, Node.js ní AsyncLocalStorage: wọ́n ń pa nǹkan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan mọ́ lọ́tọ̀. Nínú async (níbi tí ètò ti ń gbọ́ ti ìbéèrè mìíràn nígbà tí ọ̀kan ń dúró de ìdáhùn), threading.local tó ń fún thread kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀ kò lè gbà yín, torí thread (òṣìṣẹ́ inú ètò) kan ṣoṣo ló ń ṣe ìbéèrè púpọ̀. Ẹ̀yin oní-Java tó ń lo ThreadLocal (irú àpótí kan náà), ẹ pe remove() nínú finally: thread inú pool, ìyẹn àwọn tí a ń lò léraléra, kì í kú bí ìbéèrè kan bá parí, ẹni tó kàn á bá ẹrù ẹni àná níbẹ̀.

Àwọn àgbà náà ń kó sí i. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta 2023, ChatGPT fi àkọlé ìjíròrò àwọn kan han ẹlòmíì, nítorí connection Redis (ibi tí wọ́n ń tọ́jú dátà sí fún ìgbà díẹ̀) tí ìdáhùn ìbéèrè tí wọ́n fagi lé ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ kò lè rí àléébù yìí bí ẹ bá ń dán an wò ní ẹ̀yin nìkan. Ẹ fi ìdádúró ìṣẹ́jú-àáyá 2 sáàárín ibi tí kóòdù ti gba nọ́ńbà àti ibi tó ti lò ó, kí ẹ fi orúkọ méjì wọlé lórí bùráúsà méjì, kí ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀. Nínú async, asyncio.sleep ni o, time.sleep á dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Àwa akọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà kan,
Lágere, Ilé-Ifẹ̀.