Kéèkì Kan Náà Ni Kí Gbogbo Ilé Jẹ

Ìbarà, Abẹ́òkúta.

Àjọkẹ́ mi,

Mo rí fídíò kéèkì tí o fi ránṣẹ́, mo sì fi han bàbá rẹ. Inú wọn dùn gan-an. O ní bí o bá dé fún ọdún Kérésì, kéèkì méjì lo máa yan: ńlá tó ní bọ́tà àti mílíìkì fún àwa yòókù, kékeré tí kò ní wọn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tí ara rẹ̀ kọ mílíìkì. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Má ṣe méjì. Kan ṣoṣo ni kí o ṣe, kí tọmọdé tàgbà jẹ nínú rẹ̀, kí ọmọ náà lè na ọwọ́ sínú àwo láìsí ẹni tí yóò gbá a lọ́wọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ bí wọ́n bá yà á sọ́tọ̀. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló lọ jẹ bisikíìtì tirẹ̀. Mo rí i, kò sì kúrò lọ́kàn mi.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí kéèkì méjì bá wà nínú ilé ìdáná kan, ṣíbí kan ti tó láti da gbogbo rẹ̀ rú. Bàbá rẹ a sì máa bu mílíìkì oníyẹ̀fun sínú tíì lórí tábìlì tí o máa lò, o mọ bó ṣe máa ń fò káàkiri. Nu tábìlì yẹn kí o tó bẹ̀rẹ̀. Òróró ni kí o fi pa inú páànù.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé mílíìkì díẹ̀ kò lè ṣe ọmọ náà ní nǹkan. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ṣúgà inú wàrà ni ara wọn kò lè lò. Inú wọn á kùn, wọ́n á yàgbẹ́ gbuuru, ṣùgbọ́n wọ́n lè mu mílíìkì tí wọ́n kọ lactose-free sí lára, ìyẹn èyí tí kò ní ṣúgà náà. Ti ọmọ wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èròjà amáradàgbà inú mílíìkì ni ara rẹ̀ kọ̀, èyí kò sì kúrò nínú mílíìkì lactose-free. Búrẹ́dì tí ẹnì kan tà fún wọn níbí, tó búra pé kò sí mílíìkì nínú rẹ̀, ló mú kí ètè ọmọ náà wú, tí ara rẹ̀ sì lé. Nítorí náà, má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́, ka ara ike. Bọ́tà inú ike tí wọ́n fi òróró ṣe náà lè ní mílíìkì. Bí o bá rí whey, casein, milk solids tàbí buttermilk (wàrà kíkan) lára rẹ̀, inú mílíìkì ni gbogbo wọn ti wá, dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Lecithin, tí wọ́n fi ń po òróró mọ́ omi, kì í ṣe mílíìkì. Ẹyin náà kì í ṣe mílíìkì, ọmọ náà sì ń jẹ ẹyin dáadáa.

Ní ti àwọn ètò oúnjẹ tí ò ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, n kò ní kí o má wò wọ́n. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. The Great British Bake Off tí o fẹ́ràn, ìdíje àwọn tó ń yan kéèkì, tó bẹ̀rẹ̀ lórí BBC ní 2010, ibi tó máa wúlò fún ọ jù níbẹ̀ ni ìdíje tí wọ́n ti ń fún gbogbo àwọn olùdíje ní ìlànà kan náà, tí wọ́n á sì ti yọ ọ̀pọ̀ àlàyé kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó kàn há ìlànà sórí á dúró, á máa wò. Ẹni tó mọ ohun tó ń gbé kéèkì sókè á máa bá iṣẹ́ lọ. Bí o bá ti yọ bọ́tà kúrò, ipò yẹn gan-an lo wà. Torí náà, nígbà tí wọ́n bá ju bọ́tà sínú abọ́, bi ara rẹ léèrè pé iṣẹ́ wo ló fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Bí wọ́n bá ń fi ṣúgà po bọ́tà títí tó fi funfun, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Òróró kò lè di afẹ́fẹ́ mú bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí o pò ó tó. Ẹyin ni kí o gbé iṣẹ́ yẹn fún. Lu ẹyin àti ṣúgà pọ̀ títí wọ́n á fi wú, tí àwọ̀ wọn á mọ́, tí èyí tó ń ṣàn bọ́ láti ara ohun tí o fi ń lù ú á dúró díẹ̀ lójú abọ́ kó tó rì. Ìgbà yẹn ni wàá máa da òróró sí i díẹ̀díẹ̀, kí o tó wá fi ọwọ́ fẹ́lẹ́ po fùláwà mọ́ ọn. Rántí pé bọ́tà kì í ṣe ọ̀rá nìkan. Nínú 100 giramu rẹ̀, ọ̀rá jẹ́ nǹkan bí 80, omi ló sì pọ̀ jù nínú ìyókù. Níbi tí wọ́n bá ti ní 250 giramu bọ́tà, lo 200 giramu òróró, kí o fi wàrà àgbọn ṣíbí ńlá mẹ́ta kún un. Ẹni tó bá da 250 giramu òróró sí i, òróró ni yóò máa nù kúrò lọ́wọ́ bó bá ń jẹ ẹ́.

Bí o bá fẹ́ ra àgbọn, mì í létí kí o gbọ́ omi nínú rẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ bá tutù tàbí tó ń rùn, fi í sílẹ̀. Rin ín, da omi gbígbóná díẹ̀ sí i, kí o fún un nínú aṣọ mímọ́ títí ọwọ́ á fi ro ọ́. Àkọ́fún tó ki, tó ń yọ̀ ní ìka, ni ti kéèkì. Àtúnfún rẹ̀ dára fún ṣinṣín. Bí ìlànà bá bèèrè buttermilk, wàrà sóyà ni kí o lò, torí ara ọmọ náà gba sóyà. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ńlá kan sínú ife kan, á dì díẹ̀ bí o ṣe fẹ́.

Òróró àgbọn tí wọ́n ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ lórí kéèkì ní ìlú òtútù, má dán an wò níbí. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 24°C, omi ló ń dà, ọ̀sán Abẹ́òkúta sì ju bẹ́ẹ̀ lọ jálẹ̀ ọdún. Fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ po ṣúgà oníyẹ̀fun kó ki, dà á sí i lórí nígbà tí kéèkì bá ti tutù, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí tẹlifíṣọ̀n kì í fi hàn ọ́, ìyẹn gbogbo àkókò tí kéèkì fi wà nínú iná. Wọ́n á gbé páànù kan wọlé, wọ́n á yọ òmíràn tó ti jinná. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn àwọn tó jẹ́ kí aráyé rí i bí nǹkan bá yíwọ́, bíi Julia Child tó bẹ̀rẹ̀ ètò The French Chef ní Amẹ́ríkà ní 1963. Ó fẹ́ yí ànàmọ́ òyìnbó tó ń dín padà nínú páànù, apá kan dà sórí sítóòfù, ó kó o padà níṣojú kámẹ́rà, ó sì ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Wá irú wọn. Kéèkì tí kò ní mílíìkì kì í sáábà pọ́n tó ti onímílíìkì. Bí o bá dúró kó pọ́n bí èyí tí o rí lójú tẹlifíṣọ̀n, á ti gbẹ. Igi ìtayín ni kí o tì bọ àárín rẹ̀. Bó bá jáde láìsí nǹkan tútù lára rẹ̀, ó jinná.

Yan èyí lẹ́ẹ̀kan ní Ìbàdàn kí o tó wá, kí o fún àwọn tí ẹ jọ ń gbé jẹ láìsọ fún wọn pé kò sí bọ́tà nínú rẹ̀, kí o sì sọ ohun tí wọ́n bá wí fún mi. Èmi á ra àgbọn ní Kútọ̀, màá sì gba gáàsì sílẹ̀. Fùláwà àti ẹyin wà ní ọwọ́ mi. Mú òṣùwọ̀n kékeré rẹ dání o, torí èyí tó wà nílé kò lè wọn ohun tí kò tó ìdajì kílò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.